Àpótí Inú Àjàalẹ̀

Ní Tartu, yìnyín ti bo fèrèsé àjàalẹ̀ dé ìdajì.
Àpótí dúdú kan ń kùn láàárín ọ̀dùnkún àti igi ìdáná.
Ohun tó ṣẹ́kù lára ìyá mi ló wà nínú rẹ̀:
ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ohùn ẹyẹ tí Maimu gbà sílẹ̀
létí odò Emajõgi, fún ogún ọdún, nínú bàtà rọ́bà.

Èdè wo ni kí àpótí yìí máa bá wa sọ?
Iṣẹ́ tó kàn mí lẹ́yìn ìsìnkú nìyẹn.
Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta lorúkọ àwọn èdè náà:
NFS, SMB,
àti AFP, tí àwọn tó bí i gan-an ti pa tì.

Mo kọ́kọ́ dán NFS wò.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ló ń gbà lẹ́nu ọ̀nà.
"Ta nìyẹn?"
"Èmi ẹgbẹ̀rún kan ni."
"Ẹgbẹ̀rún kan, máa wọlé."
Kò wojú, kò béèrè ọmọ ta ni ọ́.
Ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún kan
ti di èmi nìyẹn, ó ti jókòó sórí àga mi.
Heldur bàbá mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ lóṣù náà:
"Bí a ṣe ń gbé ní Rõuge nìyẹn
kí kọ́kọ́rọ́ tó dé abúlé."

SMB ńkọ́? Aṣọ́bodè nìyẹn.
Ó fẹ́ orúkọ, ó fẹ́ páswọ́ọ̀dù,
a rò ó wò díẹ̀ kó tó dáhùn.
Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rọ inú ilé ló gbédè rẹ̀:
kọ̀ǹpútà ogbó tí bàbá fi ń sanwó iná,
fóònù Eneli nígbà tó bá ti Pärnu wá,
tẹlifíṣọ̀n, àti tábúlẹ́ẹ̀tì Ruuben
tí ìka ọlọ́ràá ti sọ ojú rẹ̀ di kùrukùru.

Mo fi SMB sí i. Mo pe bàbá.
Ó jókòó, ó ṣí fáìlì ìyàwó rẹ̀,
ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ìyá mi wo aago, ó wo kùrukùru orí omi,
ó wá sọ ohùn kọ̀ọ̀kan lórúkọ:
"05:40 Àbí òun náà ni?"
"04:12 Heldur, o gbọ́ yẹn?"
Kọ̀ǹpútà bàbá kì í gba ẹ̀kán méjì tó gorí ara wọn,
kì í gba àmì ìbéèrè nínú orúkọ.
SMB, onílàjà tí kò fẹ́ kínú ẹnikẹ́ni bàjẹ́,
ti gé gbogbo rẹ̀ kù, ó fi ohun tí ẹnu kò lè pè dípò:
0K7QX~2T.
HZ4_M~8W.
Tẹ̀ ẹ́, ẹyẹ á ṣì kọrin.
Obìnrin tó ń béèrè ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n pa orúkọ wọn dà.
Kí omi kọfí tó hó, mo ti yọ gbogbo àmì náà."
Ó ní rárá.
Ó jáde lọ la igi, ó pẹ́ níta,
ó padà wọlé pẹ̀lú yìnyín lórí fìlà:
"Èmi ló bi. N kò tíì dá a lóhùn."

Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà méjì ni àpótí ní báyìí.
Fọ́tò, ìwé owó iná, eré Ruuben: ẹ gba ọ̀dọ̀ SMB.
Fáìlì ìyá mi: NFS, ẹ̀rọ kan ṣoṣo,
èyí tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán,
tó lè kà, tí kò lè pa lẹ́tà kan rẹ́.
Kò bójú mu tó. Ẹni tó mọṣẹ́ jù mí lọ á bú mi.

Láàárọ̀ mo yẹ àkọsílẹ̀ àpótí wò.
Ẹgbẹ̀rún kan wọlé láago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.
Àpótí kò béèrè ta ni.